Ta Ló Rán Ọ Wá? Ẹjọ́ Àwa àti Àwọn Tó Ń Ṣe Áàpù

Gbólóhùn kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ áàpù ṣíṣe máa ń sọ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́: ojú-ewé kan kò gbọdọ̀ mọ ojú-ewé tó ṣí i. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà wí, pé kí kálukú dá dúró láyè ara rẹ̀, kí ọ̀kan má gbára lé èkejì. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbọ́ ọ, a fi í sẹ́nu, a jẹ ẹ́ wò, a sì rí i pé ìdajì rẹ̀ dùn. Ìdajì kejì ló korò, ẹnu àwọn ọlọ́jà Ajégúnlẹ̀ ló sì ń bọ́ sí.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú: ohun tí fóònù bá gbé síwájú yín lẹ́ẹ̀kan, tó kún ojú gíláàsì, òun là ń pè ní ojú-ewé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, òmíràn yọ. Ti àkọ́kọ́ ló ṣí ti ẹ̀yìn. Àwọn kan ń pè é ní ìbòjú. Ìbòjú lohun tí ìyàwó fi ń bo ojú, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń sọ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi nǹkan hàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jà lórí ìyẹn, kó dúró de àròkọ mìíràn.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ń ta ẹja inú yìnyín nítòsí ọjà Boundary. Oníbàárà wọn kan, tó ń se oúnjẹ tà lápá Tolu, máa ń wá gbé páálí ẹja Titus kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀. Iye tó san lọ́sẹ̀ tó ṣáájú náà ló tún fẹ́ san, àkáǹtì kan náà ló sì ń san án sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí à ń wí yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Obìnrin náà fi owó ránṣẹ́, áàpù ń yí, ó ń yí, kò sọ nǹkan kan. Ó jáde, ó tún wọlé, ó lọ síbi tí àkọsílẹ̀ owó tó ti san wà, ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ojú-ewé kan yọ, àmì aláwọ̀ ewé gàdàgbà láàárín rẹ̀, pé ó ti yọrí, orúkọ ìyá wa, iye owó bó ṣe yẹ kó rí. Ó na fóònù sí wọn. Àwọn náà wò ó, wọ́n ní ẹ ṣé o, ẹ máa gbé e lọ.

Owó ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ni àwọn méjèèjì jọ ń wò. Tọjọ́ yẹn ò tíì wọ inú àkọsílẹ̀, nítorí náà tọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà lókè. Déètì wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ ò tóbi ju ẹyin iná orí lọ. Lálẹ́ tí ìyá ṣírò ọjà, owó ò pé. Oníbàárà ní, “Ẹ̀yin náà ṣáà wò ó.” Ìyá ní, “Owó dà?” Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìbínú, oṣù méjì gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí wọ́n wá jókòó, tí àwa ọmọ bá wọn gbé fóònù méjèèjì yẹ̀ wò, owó ọjọ́ náà ò tilẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà rí.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí olè nínú ìtàn yìí. Kò sí gbájúẹ̀, kò sí álẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Obìnrin méjì tí wọ́n fọkàn tán ara wọn ni, ojú-ewé kan ló sì da àárín wọn rú. A kò ní dárúkọ áàpù náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà wá. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣí tiyín wò: ẹ fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ wo rìsíìtì tó yọ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ ṣí rìsíìtì kan náà láti inú àkọsílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè fi ìyàtọ̀ hàn mí-ìn-tó-mọ̀wé tó ń ta ata lójú oòrùn.

Ìbéèrè wa ò le. Nígbà tí ojú-ewé rìsíìtì yẹn yọ, ṣé áàpù mọ̀ pé inú àkọsílẹ̀ ló ti ṣí, pé kì í ṣe ẹ̀yìn ìsanwó tuntun? Ó mọ̀. Ojú-ewé àkọsílẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ẹni tó mọ̀ kò wí, ẹni tí wọ́n ṣí kò bèèrè, ẹni tó sanwó fún àìbèèrè wọn ni ẹni tí ẹja rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí Android, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa. Bí ojú-ewé kan bá fẹ́ ṣí òmíràn, kì í kàn ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ló máa ń rán. Intent ni wọ́n ń pe iṣẹ́ àrán yìí. Inú rẹ̀ ni ó ti máa sọ ojú-ewé tó fẹ́ kó yọ, ó sì lè di ẹrù lé e lórí: nọ́ńbà, orúkọ, ọ̀rọ̀ tó bá wù ú. putExtra ni wọ́n fi ń di ẹrù ọ̀hún. Títí dé ibí, Yorùbá pátápátá ni. Iṣẹ́ wà, ìránṣẹ́ wà, ẹrù wà.

Níbi tó ti wá yàtọ̀ nìyí. Bí ojú-ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bá fẹ́ mọ ẹni tó rán an wá, àṣẹ kan wà tó lè fi bèèrè, getCallingActivity. Àmọ́ òfo ni àṣẹ náà máa ń dá padà, àfi tí ẹni tó ṣí ojú-ewé náà bá ti kọ́kọ́ sọ pé òun ń dúró de èsì, ìyẹn ni pé ó lo startActivityForResult tàbí irú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: Android kì í dárúkọ ẹni tó rán iṣẹ́ àyàfi bí ẹni náà bá ń dúró de èsì. Bí ẹni tó rán ọ bá ti yí ẹ̀yìn padà, ìwọ náà ti di ọmọ aláìlẹ́ni. Láti ìgbà Android 5.1 ni àṣẹ mìíràn ti wà, getReferrer, tó lè sọ áàpù tí èèyàn ti wá. Ṣùgbọ́n ìwé àlàyé Android fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe ẹ̀rí ààbò, torí ẹni tó ránṣẹ́ lè fi orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìránṣẹ́ lè purọ́ nípa ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya síbì kan díẹ̀. Ìwádìí “níbo lo ti wá” yìí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú kí áàpù tó dé. Tí ẹ bá tẹ ìlínkì, búráúsà á sọ fún ojú-ewé tuntun ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Referer ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú RFC 1945 lọ́dún 1996. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé “r” kan ti sọnù láàárín rẹ̀. Àṣìkọ ni, ó sì ti di òfin. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dòní, torí ẹni tó bá tún un ṣe, kọ̀ǹpútà ò ní mọ ohun tó ń wí. Nígbà tí ẹnì kan bá tún fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń jà lórí àmì ohùn àti sípẹ́lì, ẹ bá wa fi ìyẹn hàn án.

Ní ti iPhone, wọ́n ní presentingViewController. Flutter náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti di ẹrù lé ojú-ewé tuntun lórí. A ò ní pẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ohun tí ó ń bí wa nínú ni ọ̀nà àbùjá. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí rìsíìtì mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n di í mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán, wọ́n á lọ kọ ọ́ sí ibi gbangba kan nínú ìrántí áàpù, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbèsè sára ògiri. Lórí fóònù ńlá, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó ní Yaba, wọ́n fi fóònù tuntun dán an wò, ó dára, ó di ọjà. Ẹ wá gbé áàpù kan náà sórí fóònù kékeré tí ìrántí rẹ̀ ò ju gígábáìtì kan tàbí méjì lọ. Ìyá ń sanwó lọ́wọ́, WhatsApp dún, wọ́n lọ gbọ́ fóìsì tí ọmọ fi ránṣẹ́. Android rí i pé àyè ò sí mọ́, ó pa áàpù tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí ìyá padà, Android tún ojú-ewé náà gbé dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ti pa rẹ́. Ohun tí wọ́n dì mọ́ Intent ló kù, torí Android fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn tọ́jú Intent tí ó ṣí ojú-ewé náà.

Ẹ wá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tálákà àti olówó kò sí nínú kóòdù.

Bọ́tìnnì ìpadà-sẹ́yìn ńkọ́? Ojú-ewé tó ti inú ìfitónilétí yọ kì í ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, àfi tí ẹni tó ṣe áàpù bá to àwọn ojú-ewé sí i lẹ́yìn fúnra rẹ̀. TaskStackBuilder wà fún iṣẹ́ náà. Bí kò bá ṣe é, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti padà, ẹ bá ara yín níta áàpù pátápátá. Tàbí kí wọ́n ṣe é láṣejù, kó jẹ́ pé ibi tí ẹ ti ń kọ iye owó ló gbé yín padà sí, tí iye ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ digbí, tí bọ́tìnnì “Firánṣẹ́” sì ń wò yín lójú. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kó ọkàn rẹ̀ sókè á tún tẹ̀ ẹ́. Owó á sì lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa tí à ń ka Yorùbá ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Intent ká má rántí àrokò. Ẹni tó gbé ẹ̀fà owó ẹyọ tí a so pọ̀ lọ fún ẹnì kan lè má mọ ohun tó gbé. Ẹni tó gbà á mọ̀: ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Ẹ̀jọ ni ẹ̀wẹ̀, à jọ wà, à jọ ṣe ni. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹrù ló ń sọ̀rọ̀. A kò ní kí ìránṣẹ́ rántí, a kò ní kó méfò, a kò sì kọ ọ́ sára ògiri. Ìtumọ̀ bá iṣẹ́ rìn láti ọwọ́ ẹni tó rán an dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Bí ìránṣẹ́ bá tilẹ̀ sùn lójú ọ̀nà, tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀fà kò ní di ẹ̀jọ.

Ibí yìí la ti gbà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ìdajì. Òótọ́ ni pé kò dára kí ojú-ewé máa há orúkọ àwọn tó lè ṣí i sórí. Bí rìsíìtì bá ní, “bó bá jẹ́ ojú-ewé Àkọsílẹ̀ ló ṣí mi, màá ṣe báyìí, bó bá jẹ́ ojú-ewé Ìsanwó, màá ṣe bẹ́ẹ̀,” lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí orúkọ ọ̀kan padà, nǹkan á bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ojú-ewé kẹta bá fẹ́ ṣí i, nǹkan á tún bàjẹ́. Nítorí náà, a ò ní kí ojú-ewé mọ orúkọ bàbá àti ìyá ẹni tó rán an. Ohun tí à ń wí ni pé kó mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an: “owó tuntun nìyí, ṣẹ̀ṣẹ̀ san án ni” tàbí “àtijọ́ nìyí, wíwò ni ó ń wò ó.” Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ìlà kan nínú kóòdù. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ojú-ewé tí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò bẹ̀rù ẹnì kankan nínú méjèèjì. (Òwe odò tó gbàgbé orísun wà níbí tó yẹ ká pa, a ti fi jì yín.)

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọ fásitì lèyí, kó rìn láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá, kò jìnnà. Ìbéèrè kan náà ló ti èbúté yẹn lójú pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tírélà á tò láti orí afárá Ìjọra, á tò ní ọ̀nà Oshòdì sí Àpápá, dírẹ́bà á máa sùn lábẹ́ ọkọ̀, á máa wẹ̀ létí títì. Níbi tí gbogbo wọn bá sì ti dé ẹnu ọ̀nà èbúté, ó ṣòro láti mọ èyí tí wọ́n pè yàtọ̀ sí èyí tó kàn fi agídí wọ ìlà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè dáhùn “ta ló rán ọ wá.” Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè tírélà lórí ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ Truck Transit Park sì ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Kí tírélà tó súnmọ́ èbúté, ó gbọ́dọ̀ wà ní páàkì tí wọ́n fọwọ́ sí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pè é, ìwé ìpè rẹ̀ á sì máa bá a rìn. Ètò ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ lè kà á sí ẹ̀tọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra bí Àpápá ṣe jìnnà sí Ẹ̀pẹ́.

A ò sọ pé Ètò ti mú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kúrò pátápátá. Ẹni tó ń gba Creek Road mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ohun tí a sọ ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí tírélà kọ̀ọ̀kan máa gbé ibi tó ti wá àti ìdí tó fi wá dání. Wọn ò ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa méfò. Bí kọ̀ńtéénà onítọ́ọ̀nù púpọ̀ bá yẹ lẹ́ni tí a ń bi pé “níbo lo ti ń bọ̀,” kí ló dé tí rìsíìtì páálí ẹja ìyá wa ò yẹ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ojú-ewé kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ṣí i, ẹ gbọ́ èyí, torí òun ló dùn wá jù. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń lo Google Analytics tó wà nínú Firebase. Nígbàkígbà tí ojú-ewé bá yípadà, ó ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó máa ń kọ sílẹ̀, screen_view, ó sì ní àyè nínú rẹ̀ fún ojú-ewé tó ṣáájú: firebase_previous_screen. Ẹ tún un kà. Ibi tí oníbàárà ti wá kì í ṣe àṣírí. Ó wà ní àkọsílẹ̀, ó ń lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ń fi ya àwòrán, wọ́n ń fi ṣe ìpàdé pé ibo làwọn èèyàn ti ń sá kúrò nínú áàpù wa. Ẹni kan ṣoṣo tí wọn kì í sọ fún ni ẹni tó di fóònù mú. Nígbà tí wọ́n bá ń wá èrè, ojú-ewé mọ ẹni tó ṣí i. Nígbà tí obìnrin ọlọ́jà bá fẹ́ mọ̀, ó di òfin iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ mọ̀.

A wá dé orí èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn èdè. Nígbà kan, wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwa kan nínú wa pé ká túmọ̀ áàpù kan sí Yorùbá. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni tábìlì ọ̀rọ̀: Welcome, Back, Done, Continue, ìlà lórí ìlà, kò sí àwòrán kan. A bèèrè pé ojú-ewé wo ni “Done” yìí wà, kí ló sì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ṣáà túmọ̀ ẹ̀.

Báwo la ṣe fẹ́ túmọ̀ ẹ̀? Bí “Done” bá tẹ̀lé fọ́ọ̀mù tí èèyàn kọ, “Ó ti parí” ni. Ẹni tó bá sáré kọ “Ó ti tán,” tí ọ̀rọ̀ náà sì lọ yọ lẹ́yìn tí bàbá kan wo iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bàbá lè ru. “Back” ní Yorùbá fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ: padà sílé, padà sídìí àkọsílẹ̀, padà sẹ́yìn. “Padà” lásán lè dà bí ẹni ń lé ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìkíni wa sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó aṣọ ẹbí, a lè kí i pé ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí ojú-ewé kan náà yọ síwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọsibítù ìyá rẹ̀, kó sì kí i bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí èpè. Yorùbá kì í kí èèyàn láìmọ ibi tó ti ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ “Welcome” fún gbogbo ayé kó sì mú un jẹ. Bí ojú-ewé ò bá mọ ohun tó ṣáájú rẹ̀, Yorùbá tó máa sọ á jẹ́ Yorùbá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, wọ́n á sì ní èdè wa ni kò bá ẹ̀rọ mu.

A mọ èsì tó ń bọ̀. Àwọn kan á ní olè lè ya ojú-ewé tirẹ̀, kó kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀, kò sí ohun tí ìlà kan máa dá dúró. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn ìyá wa pé álẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù tiwọn ni kí wọ́n gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí oníbàárà fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n álẹ́ẹ̀tì náà máa ń pẹ́, èrò máa ń pọ̀, ọjà yìnyín sì ń yọ́. Ẹni tí kò fẹ́ jalè rárá là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù ní Boundary, òun ni ojú-ewé yìí ń sọ di olè lójú aládùúgbò rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pẹ̀lú Intent. Àwa náà bi yín: ta ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí rìsíìtì yẹn? Ṣé kóòdù ló kọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ni, ẹnì kan ló yàn án, ẹni náà kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa túmọ̀ sí nígbà tí ó bá ti ọ̀nà mìíràn yọ. Iṣẹ́ wa nìyẹn. A ti lo ọdún mẹ́ta lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní àyè rẹ̀, ẹ má sọ fún wa ní ọdún kẹrin pé ọ̀rọ̀ kò ní àyè.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù owó, a mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ohun mẹ́ta là ń tọrọ. Ẹ di ìdí mọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá ń rán ojú-ewé, kí ẹ má kọ ọ́ sára ògiri. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi ojú-ewé tó ṣáájú hàn án. Kẹta, ẹ jẹ́ kí orí rìsíìtì máa sọ ọ̀nà tó gbà wá, ní lẹ́tà tó tóbi bí iye owó ṣe tóbi. A ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, a ò sì ní gba kọ́bọ̀. Fún èyí tó yọ lẹ́yìn ìsanwó: “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó yìí tán.” Fún èyí tó ti inú àkọsílẹ̀ yọ: “Owó ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá lẹ ń wò yìí. Kì í ṣe tòní.” Fún èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dì mú: “Owó yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má tíì gbé ọjà.”